Ẹsẹ̀ Ẹ̀ Ni Kó O Bú

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí lọ́jọ́ tí mo bú ìyá agbábọ́ọ̀lù kan ní pápá ìṣeré Adámásíngbà, n'Ìbàdàn. Mi ò mọ ìyá náà rí. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó wà láyé lọ́jọ́ yẹn tàbí kò sí.

Àbúrò bàbá mi tí mo ń pè ní bọ̀ọ̀dá ló mú mi lọ. Pópúlà sáìdì la jókòó sí, níbi tí òòrùn ti ń na ènìyàn lójú, àmọ́ tó súnmọ́ ilà pápá débi pé bí agbábọ́ọ̀lù bá wá ju bọ́ọ̀lù wọlé, wàá rí òógùn tó ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Gúgúrú àti ẹ̀pà wà lọ́wọ́ mi. Bàbá àgbàlagbà kan wà níwájú wa tó dé fìlà abetí ajá. Láti ìgbà tí rẹfirí ti fọn fèrè ni kò ti panu dé. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ẹgbẹ́ wa lápá ọ̀tún, ẹni tó wọ nọ́ńbà 2, ló dájú sọ.

"Nọ́ńbà tuù! Ṣé àmàlà ọ̀sán ni kò tíì dà nínú ẹ?"

Ọmọkùnrin náà sá bá bọ́ọ̀lù, ó gbá a síta, ó wá yíjú padà: "Bàbá, ẹ̀bà ni mo jẹ o!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ìgbà náà ó ti di eré láàárín àwọn méjèèjì. Tó bá gba bọ́ọ̀lù dáadáa, bàbá á ní ẹ̀bà yẹn mà dáa o. Tó bá ṣì í gbá, bàbá á ní kí wọ́n lọ yẹ garí yẹn wò, ó jọ pé ó ti kan. Àwa tá a wà nítòsí ń gbádùn wọn ju bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n ti ìsinmi dé, ọmọ náà fẹ́ dá bọ́ọ̀lù padà fún aṣọ́lé wa. Bọ́ọ̀lù ò lágbára tó. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò já a gbà, ó sì gbá a sáwọ̀n. Ojú gbogbo wa pọ́n. Àwọn kan ń pariwo pé kí wọ́n yọ ọ́, àwọn kan ní ó ti gbowó lọ́wọ́ àlejò. Kò pẹ́ tó fi wá sí bèbè ilà, níwájú wa gan-an, láti ju bọ́ọ̀lù wọlé. Mo dìde dúró. Mo fi gbogbo ohùn mi bú ìyá tó bí i. Kì í ṣe "ìyá ẹ" lásán o. Mo fi ọ̀rọ̀ kún un, ọ̀rọ̀ tí mi ò ní kọ síbí.

Ó gbọ́. Bọ́ọ̀lù ti wà lókè orí rẹ̀ ní ọwọ́ méjèèjì. Ó dúró, ó wá ibi tí ohùn ti jáde, ó sì rí mi. Mi ò rí ìbínú lójú rẹ̀. Ojú tó fi wò mí dà bí ti ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ tí wọ́n wá gbá létí láti ẹ̀yìn. Ó ju bọ́ọ̀lù, ó lọ. Kò tún wo ọ̀dọ̀ wa mọ́ títí eré fi parí, kódà nígbà tí bàbá onífìlà pe nọ́ńbà rẹ̀.

Bàbá náà ló wá yíjú sí mi. Kò gbóhùn sókè. Ó ní: "Ìyá ẹ̀ kọ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ṣẹ̀ wá. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kó o bú."

Bọ̀ọ̀dá mi ní kí n bẹ bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún wà nínú pápá, ó ń sáré.

Ìlú tí èyí ti ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ìlú tí èébú ṣàjèjì sí. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ọdọọdún là ń ṣe ọdún Òkèbàdàn, nínú oṣù Kẹta, láti fi rántí bí Lágelú àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe sá gun orí òkè nígbà tí ogun tú ìlú wọn ká, tó jẹ́ èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ. Lọ́jọ́ ọdún náà, a kì í dáná. Àwọn ọ̀dọ́ a tú síta, wọ́n á máa kọrin ìdí àti orin abẹ́ aṣọ láti àdúgbò dé àdúgbò. Ẹnu ọ̀nà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń dúró sí, ìbáà jẹ́ ti olówó, ìbáà jẹ́ ti olóyè, ẹni tí wọ́n bú kò sì gbọdọ̀ bínú. Ìyá àgbà mi máa ń gbé àpótí síwájú ilé lọ́jọ́ yẹn kí wọ́n lè rí òun bú dáadáa. Ó ní ọdún tí wọn ò bá bú òun, bí ẹni tí wọ́n gbàgbé ló ń rí lára òun.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìdí tí èébú ọjọ́ yẹn kì í fi í dun ènìyàn. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀: bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ẹnì kan bá dúró síwájú ilé rẹ tó kọ irú orin bẹ́ẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Ohun tí wọ́n sì fi ń búni, gbogbo ayé ló ní in, àbí ta ni kò ní ìdí? Èyí tó jọ mí lójú jù ni pé ẹni tí wọ́n bú lè dá orin padà. Ìyá àgbà mi máa ń dá a padà, tiẹ̀ a sì máa le ju tiwọn lọ, àwọn ọmọ a wá máa yí lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

Bàbá onífìlà mọ gbogbo èyí láìjẹ́ pé ẹnì kan là á sílẹ̀ fún un. Gbogbo wa là ń jẹ àmàlà. Nọ́ńbà 2 lè dáhùn, ó sì dáhùn, ìdáhùn náà dùn, ẹnikẹ́ni kò sì kéré sí i nínú àwọn méjèèjì. Èmi ni mo gbé èyí tí kò ní ìdáhùn wá. Kí ló fẹ́ sọ? Bó bá bú ìyá tèmi padà, káàdì ni. Bó bá fo ilà kọjá wá bá mi, òun ni wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, èmi yóò sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gúgúrú mi.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Emmanuel Adebayor kì í fi í kúrò lọ́kàn mi. Lomé ni wọ́n bí i sí, Togo ló gbá bọ́ọ̀lù fún, ṣùgbọ́n Yorùbá Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, Ṣèyí sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Adébáyọ̀ tiwa náà ni, pẹ̀lú lẹ́tà r tí wọ́n fi sí ìdí rẹ̀. Arsenal, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní London, rà á lọ́dún 2006, ó sì kúrò níbẹ̀ lọ sí Manchester City ní 2009. Orin kan wà tí àwọn olùwòran nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ sí i: pé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni kó máa wẹ erin, pé aṣẹ́wó ni ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí erin yẹn. Àwa tá a ní ìjálá, a máa ń ki erin ni. Ajanakú ni, ẹran tí ẹnikẹ́ni kì í rí kó ní òun rí nǹkan fìrí. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni bàbá mi ń wẹ erin, n ó máa fi yangàn láàárín ẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oríkì ni àwọn akọrin yẹn ń pa. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé inú igbó lo ti wá, àárín ẹranko ni ilé yín wà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi ìyá rẹ̀ kún un. Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá máa ń gbé ènìyàn dé. Mo ti rí awakọ̀ méjì ní gáréèjì tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀, tí wọ́n ti pe ara wọn ní olè, ọ̀lẹ àti ọ̀bọ, tí wọ́n ṣì jùmọ̀ jẹun ọ̀sán. Nígbà tí ọ̀kan dárúkọ ìyá èkejì ni ẹ̀wù ya.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, Arsenal wá bá Manchester City gbá ní Eastlands, pápá City. Àwọn tó tẹ̀lé Arsenal wá ti ń bú u bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé orin nípa àwọn òbí òun ló wà lẹ́nu wọn. Nígbà tó di ìṣẹ́jú ọgọ́rin, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Dípò kó sá lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀, ó la gbogbo pápá já láti òpin kan dé òpin kejì, ó fi orúnkún yọ̀ lórí koríko, ó sì na apá méjèèjì níwájú àwọn tó ti ń bú ìyá rẹ̀. Wọ́n ya wèrè. Wọ́n ń ju ohun tó bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe òṣìṣẹ́ pápá kan léṣe. City ló borí, 4–2.

Àjọ FA, tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kó san £25,000 nítorí eré tó sá yẹn, wọ́n sì tún fi ìdádúró eré méjì sórí rẹ̀ pé bó bá tún ṣe irú rẹ̀, yóò jẹ ìyà náà. Ọ̀tọ̀ ni eré mẹ́ta tí wọ́n ní kó má gbá nítorí pé ó fi bàtà tẹ Robin van Persie, agbábọ́ọ̀lù Arsenal, lójú lọ́jọ́ kan náà. Mi ò ní gbèjà rẹ̀ lórí bàtà yẹn. Ojú ẹlòmíràn kì í ṣe ibi tí a ń gbé bàtà sí, van Persie kọ́ ló sì kọrin. Àmọ́ lórí eré tó sá, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọn ò bú ló fi dá wọn lóhùn. Bí a bá gbà kí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn kọrin aṣẹ́wó sí ìyá ẹnì kan fún wákàtí kan àti ààbọ̀, ó yẹ kí a lè gba orúnkún méjì lórí koríko.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò mẹ́nu ba Eric Cantona, agbábọ́ọ̀lù Manchester United tó fò lé olùwòran kan ní Selhurst Park lóṣù Kìíní ọdún 1995, tí wọ́n dá dúró títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án, tí ilé ẹjọ́ sì ní kó fi wákàtí 120 sin ìlú. Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn, ìjà ni. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò ju pé ẹran ara ni àwọn tá à ń kígbe mọ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ Adebayor tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2010, wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ tó gbé ẹgbẹ́ Togo ní Cabinda, lórílẹ̀-èdè Àǹgólà, nígbà tí wọ́n ń lọ fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀. Olùrànlọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn àti agbẹnusọ ẹgbẹ́ kú. Inú ọkọ̀ yẹn ni Adebayor wà. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2011, nígbà tó ti ń gbá fún Tottenham, tí Arsenal wá bá wọn, àwọn kan láàárín olùwòran kọrin pé òun ló yẹ kí ìbọn pa. Ẹgbẹ́ méjèèjì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ìyàtọ̀ wà láàárín èébú àti èpè, kò sì sí Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Èébú ń sọ ohun tí o jẹ́. Èpè ń sọ ohun tí a fẹ́ kí ó bá ọ. Orin ọjọ́ náà ti kúrò ní èébú.

Òfin kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1991 tó sọ orin ìsọkúsọ àti orin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní pápá bọ́ọ̀lù di ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ó kéré tán ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jùmọ̀ pariwo kí òfin tó lè mú wọn. Ọdún 1999 ni wọ́n tún un ṣe kí ó lè mú ẹni tó bá dá pariwo náà. Nígbà tí mo kà á, ara mi kò lélẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo lèmi náà jẹ́ lọ́jọ́ Adámásíngbà. Ohùn kan náà tó.

N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni mò ń sọ. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kò lè dárúkọ Godwin Odiye láìpòṣé. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1977, ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, Nàìjíríà ń bá Tùníṣíà fíga gbága fún àǹfààní àtilọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Argentina. Odiye fẹ́ fi orí lé bọ́ọ̀lù kúrò, bọ́ọ̀lù sì lọ sínú àwọ̀n wa. Góòlù kan ṣoṣo tó wà nínú eré náà nìyẹn. Nígbà tí mo fi mọ orúkọ ọkùnrin náà, ó ti pẹ́ púpọ̀, síbẹ̀ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju orí yẹn lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó mọṣẹ́ ni. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni a fi ka gbogbo ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n pòṣé bàbá mi, inú pálọ̀ wa ló ń parí sí. Odiye kò gbọ́ ọ. Ìyẹn ló ti yí padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2018, Argentina na wa 2–1 ní St. Petersburg, Odion Ighalo sì pàdánù àwọn àǹfààní tó ṣe kedere. Inú fóònù rẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà bá a lọ, wọ́n bú òun àti ìdílé rẹ̀, wọ́n sì ń fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni o, ọmọ wa tó ti ibi tí kò rọrùn wá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ló gbá góòlù jù ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní Íjíbítì, góòlù márùn-ún, lẹ́yìn náà ló fi ẹgbẹ́ Super Eagles sílẹ̀. Nígbà tó sì di ọdún 2024, tí Côte d'Ivoire gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ ní Abidjan, ó kan Alex Iwobi. Wọ́n bú u títí tó fi kó gbogbo àwòrán rẹ̀ kúrò ní ojú ewé Instagram rẹ̀, tí Ahmed Musa, balógun ẹgbẹ́ nígbà náà, fi ní láti bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀.

Mo wà nílé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Mọ́kọ́lá lálẹ́ ọjọ́ Abidjan yẹn. Inú bí èmi náà. Mo sọ̀rọ̀ sí Iwobi, mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sùn, mo ní kí wọ́n lọ jí i. Àwọn tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín, a jùmọ̀ kẹ́dùn, a lọ sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní iwájú mi kò dúró kí eré parí kó tó ki fóònù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rí ohun tó ń tẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kò kan ẹsẹ̀ rárá.

Nígbàkígbà tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn ọ̀rẹ́, ẹnì kan á ní owó tí wọ́n ń gbà pọ̀, kí wọ́n fara dà á. Mi ò rí ọ̀nà tí owó fi ń wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Iye wo ni wọ́n ń san fún ìyá Adebayor? Àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì ilé wa ńkọ́, àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù fún oṣù mélòó kan láìrí owó oṣù, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé lẹ́yìn eré pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú wọn tán? Nọ́ńbà 2 ọjọ́ yẹn, bàtà rẹ̀ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí i nígbà tó dúró níwájú mi.

Ohun tó fún mi ní ìrètí wá láti ibi tí mi ò retí. Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Ealing ní London, jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà tó gbá pẹnáritì tó kẹ́yìn fún England níbi àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Yúróòpù ní Wembley, ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2021. Aṣọ́lé Ítálì mú un. Òun, Marcus Rashford àti Jadon Sancho, adúláwọ̀ mẹ́ta tí pẹnáritì wọn kò wọlé, ni wọ́n da ìsọkúsọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà lé lórí lálẹ́ ọjọ́ náà. Orúkọ ọmọ yẹn ni Bùkáyọ̀. Mo rántí pé mo pe orúkọ náà sókè nínú yàrá mi lóru ọjọ́ yẹn bí ẹni tó ń ki ọmọ tó ń sunkún.

Àwọn lẹ́tà tí àwọn ènìyàn kọ sí i kún ògiri kan ní Arsenal, ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ṣẹlẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ní pápá Tottenham. Ọ̀tá àtayébáyé ni Tottenham àti Arsenal. Nígbà tí Saka wọlé, àwọn ará Tottenham pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn tó máa ń hó lé e ló pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Arsenal tún bá wọn pàdé ní líìgì, wọ́n padà sẹ́nu híhó, inú mi sì dùn sí ìyẹn náà. Ó ti padà di ẹni tí a lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2024, ní Düsseldorf, ó gbá góòlù tó mú England bá Switzerland dọ́gba, ó sì tún dúró níwájú pẹnáritì, ó gbá a wọlé. Mo pariwo débi pé àwọn aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn.

Mo ṣì ń lọ sí Adámásíngbà. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń bá mi lọ báyìí, ohùn rẹ̀ sì ju tèmi lọ. Lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù kan tí kò le yọ́ bọ́ lọ́wọ́ aṣọ́lé àwọn àlejò, díẹ̀ ló kù kó wọlé. Ọmọ mi dìde lórí àga: "Gólì ọlọ́wọ́ ilá!" Gbogbo ìlà wa ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ilá, ilá, ilá, títí rẹfirí fi fọn fèrè ìsinmi.

Nígbà tí aṣọ́lé náà ń kọjá lọ sínú, mo rí i tó ń wo ọ̀dọ̀ wa. Ọkàn mi là gààrà, mo di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ wáyà, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan, ó nà án síwájú ọmọ mi.

"Fọwọ́ kàn án," ó ní. "Wò ó bóyá ó yọ̀."

Ọmọ mi na ìka kan gba inú wáyà, ó fọwọ́ kàn án. Ó ní ó yọ̀ díẹ̀.